Abẹ Bàbá Rẹ Dípẹtà, Ọkùnrin Inú Fóònù Ló Fà Á

Malina ọmọ mi, ọmọ tí mo bí lọ́jọ́ tí omi wọlé dé etí ibùsùn tí kò sì gbé e lọ,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ẹ̀yìn tí o fi ń jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ láti òwúrọ̀ kò dùn ọ́ jù? Ṣé àwọn ọmọbìnrin tí ẹ jọ ń gbé yàrá kì í jẹ oúnjẹ rẹ mọ́? Ìyá wa Lokkhi tó ń pín ọrọ̀ kò ní gba iwájú ilé rẹ kọjá láìyà. Ọ̀gá tó ń pariwo mọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ, ohùn rẹ̀ yóò há nígbà tó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ. Abẹ́rẹ́ tó ń gún aṣọ ní Daka kò ní gún ọ níka. Àwa náà wà láàyè níbí. Màlúù ti bí, abo ló bí. Igi àgbọn ẹ̀yìn ilé wó sínú adágún ẹja, kò pa ẹja kankan, ṣùgbọ́n ó gbé aṣọ tí mo sá lọ. Òjò oṣù Shrabon ń rọ̀ bí ẹni pé ẹni tó ṣí i ti gbàgbé ibi tó ti ṣí i.

Mo ti kí ọ tán nìyẹn. Wá jókòó dáadáa kí o gbọ́, nítorí inú ń bí mi, inú yìí ló sì jẹ́ kí n lọ yá bírò nílé olùkọ́. Wàá rí i pé "ó" ni mo ń pe bàbá rẹ nínú lẹ́tà yìí, n kò pè é ní "wọ́n". Mo mọ̀ pé kò dára. Ẹni tó bá fẹ́ kí ìyàwó òun máa pe òun bí àgbà, kó máa ṣe bí àgbà.

Mo mọ̀ pé o ti ń pe fóònù tí o rán sí wa, wọ́n sì sọ fún mi pé obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń dá gbogbo ènìyàn lóhùn pé wọn kò rí wa bá sọ̀rọ̀. Irọ́ ló ń pa. Ilé la wà. Níbo la fẹ́ lọ nínú òjò yìí? Kò wá ilé wa, kò rán ẹnikẹ́ni kó wá wò wá, ó kàn jókòó síbì kan ó ń sọ pé òun kò rí wa. Bí o bá tún gbọ́ ohùn rẹ̀, sọ fún un pé ìyá rẹ ní kó gba ojú ọ̀nà ọjà wá, kó béèrè ilé onígbàjámọ̀, ọmọdé á mú un débẹ̀.

Ọ̀rọ̀ abẹ ni mo fẹ́ sọ. O mọ abẹ bàbá rẹ, èyí tí baba rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, tó máa ń ká wọnú èkù egungun rẹ̀ bí ẹni tó ká ẹsẹ̀ sùn. Abẹ yẹn ló fá orí rẹ nígbà tí o wà lọ́mọ ọwọ́. Òun ló ń fá ọkọ ìyàwó, òun ló ń fá orí ọmọ tí bàbá rẹ̀ kú. Iṣẹ́ fífá, ti bàbá rẹ ni, n kò bá a dù ú. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti wọlé yìí ní ìyàwó, èmi ni mo ń tọ́jú abẹ náà láàárín fífá kan sí òmíràn. Ìyá bàbá rẹ ló kọ́ mi. Ó ní omi ni ọ̀tá irin, ibi tí a sì kọ́lé sí yìí, omi ni. Iyọ̀ tí o bá dá sínú àwo lóṣù Ashar, omi ni wàá bá níbẹ̀. Nítorí náà, bí abẹ bá ti tọjà dé, màá fi aṣọ gbígbẹ nù ún níhà méjèèjì, màá fi etí aṣọ náà wọ oríkèé èkù rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni omi máa ń sá pamọ́ sí. Màá là á sílẹ̀ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i. Lẹ́yìn náà ni màá fi ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ tọ́ òróró mústádì, màá fi pa á lára fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kì í ṣe kó máa kán. Màá wé e sínú aṣọ, màá fi kọ́ òpó yàrá, kì í ṣe òpó ilé ìdáná, nítorí ìrẹsì tó ń hó, omi ló ń mí sókè. Kò sí ohun ìyanu kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìpáàrà kò rí ojú abẹ yẹn rí, láti ọjọ́ tí mo ti dé.

Ìgbà tí fóònù rẹ dé ni ọ̀ràn dé. Ọkùnrin kan wà nínú rẹ̀, Malina. N kò mọ̀ bóyá ìwọ lo fi í síbẹ̀ tàbí ó bá fóònù wá láti ọjà. Irùngbọ̀n rẹ̀ tó ti òbúkọ méjì, òun ló sì ń kọ́ onígbàjámọ̀ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú abẹ. Ìgbà àkọ́kọ́ tó yọjú, mo fi etí aṣọ sáárì tí mo ró bo orí mi, mo kí i, mo bi í pé láti ìlú wo ló ti wá, ṣé òjò ń rọ̀ lọ́dọ̀ tiwọn. Kò dá mi lóhùn. Ó ń bá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ bí ẹni pé ẹnu ọ̀nà ni mo wà. Mo bi í pé orí mélòó ló ti fá láyé rẹ̀. Kò dáhùn. Bàbá rẹ ní kí n dákẹ́, pé òun kò gbọ́ ohun tó ń sọ, ó wá fi ìka tẹ ọkùnrin náà lójú. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, kò lè pa á dé. Mo ní kó fi í sílẹ̀, ọmọ ẹlòmíràn ni, bó tilẹ̀ jẹ́ aláìmọ̀wàáhù.

Ọkùnrin yìí ló sọ fún bàbá rẹ pé òróró tí wọ́n fi ń se oúnjẹ kò yẹ abẹ, pé ó máa ń lẹ̀. Ó ní kó máa fi abẹ sí ibi gbígbẹ tí ọ̀rinrin kò lè dé. Bàbá rẹ dìde lọ́jọ́ náà, ó ní kí ẹnikẹ́ni má fi òróró kan abẹ òun mọ́. Ó ní àwọn oníbàárà òun ń gbóòórùn ẹja díndín. Láti ìgbà wo? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Bí wọ́n bá gbóòórùn ẹja, ṣé kì í ṣe pé ebi ń pa wọ́n ni? Ó wá mú ike onídèérí tí o fi àkàrà dídùn ránṣẹ́ sí wa, ó rọ ìrẹsì kún inú rẹ̀. O rántí pé fóònù náà ti bọ́ sómi ní èbúté rí, tí Jotin tó ń tún fóònù ṣe lọ́jà sì sin ín sínú ìrẹsì títí ó fi jí. Bàbá rẹ ní ìrẹsì tó jí fóònù dìde kò ní jẹ́ kí abẹ kú. Bó ti ń fá ènìyàn tán ló ń ki abẹ sínú ìrẹsì, tòun ti omi lára rẹ̀, ló ń dé e pinpin.

Mo sọ fún un. Ìwọ náà mọ̀ pé n kì í dákẹ́. Mo ní ìrẹsì ilé wa ń làágùn lásìkò òjò, pé omi tí a bá dé mọ́ inú ike kò ní ibi tó máa gbà jáde. Ó ní ṣé mo mọ̀ ju ọkùnrin inú fóònù lọ ni, pé abẹ ọkùnrin náà ń dán bí ojú ẹja. Mo ní àgbọ̀n tirẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ń dán? Ó wọlé. A kì í fárí lẹ́yìn olórí, ṣùgbọ́n lẹ́yìn mi ni wọ́n ti gba iṣẹ́ mi lọ́wọ́ mi, tí wọ́n gbé e fún onírùngbọ̀n tí kò mọ̀ mí.

Òjò wá dé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò dá. Ọjà dà rú, ẹnikẹ́ni kò jáde wá fá nǹkan kan, ike náà wà ní dídé. Lẹ́yìn náà ni ìgbéyàwó Shukdeb kò, ọmọ obìnrin tí ògiri tiwa àti tiwọn kanra. O mọ̀ pé ọkọ ìyàwó kò lè kúrò nílé láìjẹ́ pé onígbàjámọ̀ fá a. Wọ́n gbé Shukdeb jókòó sórí àpótí láàárín ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, wọ́n ti fi àtalẹ̀ pupa kùn ún lójú, àwọn obìnrin ń ké igbe ayọ̀, wọ́n ń fun ìkarahun. Bàbá rẹ wọ aṣọ funfun. Ó bẹ̀rẹ̀ sí kì àwọn ọ̀rọ̀ tí onígbàjámọ̀ máa ń kì, ohùn rẹ̀ dùn, inú mi ti ń rọ̀ díẹ̀. Ó wá ṣí ike.

Malina, ìrẹsì náà ti hu irun. Ó ti di ìṣù kan, abẹ wà láàárín rẹ̀ bí eegun ẹja. Nígbà tó fà á yọ, ó pupa bí ẹnu ẹni tó ń jẹ ewé páàn tó máa ń sọ itọ́ di pupa. Ó yára fi ìdí aṣọ rẹ̀ bò ó, ó nù ún, ó fà á lórí awọ tí wọ́n fi ń pọ́n abẹ. Àárín àwọn obìnrin ni mo jókòó sí, n kò rí i dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí awọ, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe ohùn abẹ ilé wa. Mo fẹ́ dìde lọ dá a dúró, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Ó gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà, abẹ kò lọ, ó há, Shukdeb pariwo, ẹ̀jẹ̀ sì gba orí àtalẹ̀ sàn wá sí àgbọ̀n rẹ̀.

Bonomali, àbúrò bàbá ọkọ ìyàwó, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í gbófo, ló wá sọ̀rọ̀. Ó ní: "Irùngbọ̀n la ní kí o gé, a kò ní kí o pín ọmọ." Gbogbo àgbàlá rẹ́rìn-ín. Àwọn tí bàbá rẹ fá orí ọmọ wọn rẹ́rìn-ín. Àwọn tó ń gba àwìn fífá láti ìgbà ìkún omi tó kọjá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí wọ́n lọ pe Poresh ọmọ ọjà, ẹni tó ń fi bíléèdì tí wọ́n ń lò dà nù fá ènìyàn, Poresh sì parí ohun tí bàbá rẹ bẹ̀rẹ̀. Bàbá rẹ gbé ike ìrẹsì sórí orúnkún, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, kò gbé ojú sókè títí wọ́n fi gbé ọkọ ìyàwó wọ ọkọ̀ ojú omi.

A délé, ó na abẹ náà sí mi. Ó ní kí n máa fi họ ìpẹ́ ẹja. Kí n fi abẹ baba ọkọ mi họ ìpẹ́ ẹja! Inú bí mi débi pé n kò lè sọ̀rọ̀, o sì mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣẹlẹ̀ sí mi. Láti ọjọ́ yẹn ló ti pa ọjà tì. Kò fá ẹnikẹ́ni, kò fá ara rẹ̀. Irùngbọ̀n funfun bò ó lẹ́nu, onígbàjámọ̀ abúlé, àwọn tó ń kọjá ń bi í pé ṣé ó fẹ́ di ẹni mímọ́ ni. Ó ní òun máa wá bá ọ ní Daka kí o wá iṣẹ́ asọ́bodè fún òun. Mo ní yàrá kan ṣoṣo lẹ ní, àwọn ọmọbìnrin ló kún ibẹ̀. Ó ní òun lè sùn lóòró. Gbogbo ọjọ́ ló fi ń wo ọkùnrin inú fóònù, bí ẹni tó ń dúró de kó tọrọ àforíjì. Kò tọrọ o. Ó ṣì ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Níbi yìí ni mo ti ní kí n má jókòó lásán. Mo ro ó pé irin ni fóònù náà, nínú òjò kan náà ló sì wà. Bí òun náà bá dípẹtà, kí la máa fi gbóhùn rẹ? Mo fi ìyẹ́ tọ́ òróró mústádì, mo fi pa á níwájú àti lẹ́yìn, mo sì ro díẹ̀ sínú ihò tí okùn iná máa ń gbà wọ̀ ọ́, nítorí oríkèé ni omi máa ń sá pamọ́ sí. Ó mu ún dáadáa. Lẹ́yìn ìyẹn kò tún sọ̀rọ̀ mọ́. Mo gbé e lọ fún Jotin. Ó ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀, ó bi mí pé ta ló ń dín ẹja nínú rẹ̀. Mo jókòó tì í pinpin, mo ń wo ọwọ́ rẹ̀, nítorí inú fóònù yẹn ni owó tí o ń fi ránṣẹ́ máa ń wọ̀, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọgbọ́n kó o. Kò sí owó kankan níbẹ̀, okùn wẹ́wẹ́ lásán ni. Jotin ní fóònù ti kú. Mo ní kó sin ín sínú ìrẹsì. Ó wò mí, ó ní kí n máa lọ sílé. Ìdí tí o kò fi gbọ́ ohùn wa nìyẹn, kì í ṣe ẹ̀bi mi, èmi tọ́jú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ilé wá dákẹ́. Kò sí onírùngbọ̀n kankan láti wò. Bàbá rẹ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń wo òjò. Mo mú abẹ, mo jókòó níbi tó ti máa rí mi. Mo jọ eérú títí ó fi kúnná bí àtíkè, mo pò ó mọ́ òróró, mo fi ògbólógbòó àpò ìdọ̀họ bẹ̀rẹ̀ sí fá ìpáàrà náà kúrò. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ń fà á ní ìbú. Ara rẹ̀ kò gbà á, ó ní òòró ni kí n fà á, ṣé mo fẹ́ ba ojú rẹ̀ jẹ́ ni. Mo ní ìpẹ́ ẹja ni mo fẹ́ fi họ, kò sí èyí tó kan ẹja nínú ìbú àti òòró. Ìpáàrà lọ, ó ku ihò wẹ́wẹ́ nítòsí èkù, bí ojú ẹni tí ṣọ̀pọ̀ná ti bá jà, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ṣì wà. Mo gbé òkúta ìpọ́nbẹ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo ní mo fẹ́ lọ wo màlúù. N kò wo màlúù kankan. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni mo dúró sí. Ó pẹ́ díẹ̀, mo gbọ́ irin lórí òkúta, ó dákẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí mo padà dé, abẹ ń dán. Mo ní kó lọ sọ́jà. Ó ní kò sí ẹni tó máa na àgbọ̀n sí òun mọ́. Mo ní àgbọ̀n kan wà nínú ilé yìí tí ewúrẹ́ ń bẹ̀rù. Ó ní ọwọ́ òun ń gbọ̀n bí òun bá gbé e súnmọ́ ojú ara òun. Mo bu omi gbígbóná, mo gbé àpótí síwájú rẹ̀. Mo ní: "Ẹ jókòó, Bàbá Malina."

Malina, n kò fi abẹ kan ọkùnrin rí láyé mi. Èékánná àwọn obìnrin ni mo ń gé. Ṣùgbọ́n mo ti wo ọwọ́ bàbá rẹ láti ìgbà tí irun rẹ̀ ṣì dúdú. Mo fi ọṣẹ kùn ún, mo fa awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ le, mo bẹ̀rẹ̀. Ó pa ojú dé. Gògóńgò rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀. Mo parí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan, kò sí ẹ̀jẹ̀. Ó ní ọwọ́ mi wúwo. Mo ní kó fara balẹ̀, kí n má bàa pín in. Ó gbọ́ ohun tí mo sọ, èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí mì, mo rò pé ó ń sunkún ni, àṣé ẹ̀rín ni, ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ìgbéyàwó. Mo ní: "Ẹ má rẹ́rìn-ín, abẹ wà lọ́fun yín." Bẹ́ẹ̀ ló tún pa á lẹ́rìn-ín sí i, mo wá di orí rẹ̀ mú gbọin-gbọin, mo gbé abẹ sókè.

Àkókò náà gan-an ni ìyá Shukdeb yọjú láti ẹ̀gbẹ́ ògiri, tó fẹ́ wá yá ata. Ó rí mi tí mo di ọkọ mi lórí mú, tí abẹ wà lókè. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó ju àwo sílẹ̀, ó sáré gba inú òjò lọ, ó ń ké pé onígbàjámọ̀ ti kú, pé ìyàwó rẹ̀ ti pa á nítorí ìtìjú. Kí n tó nu ọṣẹ ọwọ́ mi, ìdajì abúlé ti wà lágbàlá wa, àwọn kan mú ọ̀pá ọkọ̀ dání, Bonomali ló ṣíwájú wọn. Wọ́n bá bàbá rẹ lórí àpótí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ń dán, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì kún fún ọṣẹ, ó ń nu omijé ẹ̀rín.

N kò kí ẹnikẹ́ni káàbọ̀. Mo sọ gbogbo ohun tó wà nínú mi fún wọn, láti orí ẹni tó rẹ́rìn-ín títí dé orí ẹni tó lọ pe Poresh. Bonomali sún mọ́ bàbá rẹ, ó na ọwọ́, ó fi ẹ̀yìn ìka fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí mo fá, láti etí wá sí àgbọ̀n. Ó tún fọwọ́ kàn án. Irùngbọ̀n tirẹ̀ náà ti ń gún bí ẹ̀gún. Ó bi bàbá rẹ bóyá ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀.

Bàbá rẹ dìde pẹ̀lú ọṣẹ lójú. Bàbá rẹ fúnra wọn ló ní kí Bonomali jókòó. Wọ́n gba abẹ lọ́wọ́ mi, wọ́n fà á lórí awọ, mo sì gbọ́ ohùn rẹ̀. Gbogbo àgbàlá dúró nínú òjò. Wọ́n fá a láti etí dé etí, wọ́n gbé orí rẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n fá ọ̀fun rẹ̀, ọwọ́ wọn kò gbọ̀n. Nígbà tí wọ́n parí, Bonomali fọwọ́ ra ojú ara rẹ̀, ó ní àwọn máa tún nílò onígbàjámọ̀ nígbà tí Shukdeb bá bímọ. Bàbá rẹ nu abẹ, wọ́n sì nà án sí mi lójú gbogbo wọn. Wọ́n ní kí n lọ fi òróró pa á.

Inú ṣì ń bí mi o. Má rò pé ó ti tán. Poresh ṣì wà lọ́jà, obìnrin tó ń ké pé mo pa ọkọ mi kò tíì tọrọ àforíjì, ó sì tún padà wá gba ata mi lọ.

Ní báyìí, àwọn ohun tí mo fẹ́. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, kí a fi ra awọ tuntun, ìpáàrà ti ba èyí tó wà nílẹ̀ jẹ́. Má fi sínú fóònù, òróró ló wà níbẹ̀, yóò dọ̀tí. Wé e sínú aṣọ, kí o fún ọmọ inú ọkọ̀ ojú omi tó máa ń gbé ẹrù wa. Mo tún gbọ́ pé wọ́n ń fi òróró kan sí ẹ̀rọ ìránṣọ yín tí kì í lẹ̀ tí kì í sì rùn. Bá mi tọrọ ìgò kékeré kan lọ́wọ́ ọ̀gá. N kò sọ pé onírùngbọ̀n yẹn mọ nǹkan kan. Mo kàn fẹ́ wò ó ni. Má sọ fún bàbá rẹ. Bí o bá sì ráyè nígbà àjọ̀dún Ìyá wa Durga, wá sílé, màlúù ń fún wa ní wàrà, bàbá rẹ sì ń sọ pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti rí ojú rẹ.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ lọ, yóò ṣọ́ ọ bọ̀. Orí rẹ kò ní bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò mọ iye rẹ̀. Ohun tí o bá fi ọwọ́ ara rẹ tọ́jú kò ní bà jẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́, òjò ì báà rọ̀, ẹ̀ẹ̀rùn ì báà dé. Wàá dàgbà, wàá darúgbó, ẹni tó bá sì fẹ́ ọ níyàwó yóò máa pè ọ́ ní "wọ́n".

Èmi ni ìyá rẹ,
Shoilobala, ìyàwó onígbàjámọ̀.